Ohun Tí Ẹ Lè Ṣe Bí Ilé-Iṣẹ́ Tí Ẹ Ti Fi Sílẹ̀ Bá Rán Agbowó-Gbèsè sí Yín

Lẹ́tà náà sábà máa ń dé nígbà tí èèyàn ti gbàgbé ilé-iṣẹ́ ọ̀hún pátápátá. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀gá yín àtijọ́, bí kò ṣe ti ilé-iṣẹ́ agbowó-gbèsè kan tí ẹ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ó sọ pé ẹ jẹ ilé-iṣẹ́ tí ẹ ti kúrò níbẹ̀ ní ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́yìn ní owó: bóyá owó oṣù tí wọ́n san lé fún yín, ìyẹn èyí tó ju iye tó tọ́ sí yín lọ, bóyá owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí wọ́n ní ẹ kò ṣiṣẹ́ pẹ́ tó láti fi dí i, bóyá kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n ní ẹ kò dá padà. Ẹ̀rù àti ìbínú ló kọ́kọ́ máa ń dé báni, àwọn méjèèjì náà ló sì máa ń ṣini lọ́nà, nítorí pé ẹni tí ẹ̀rù bà yóò sáré san owó tí kò jẹ, ẹni tí inú bí yóò sì ya lẹ́tà náà dànù títí ìwé ilé-ẹjọ́ yóò fi kàn án lára. Ohun tó yẹ kí ẹ dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ẹ kò gbọdọ̀ sanwó, ẹ kò sì gbọdọ̀ dákẹ́, títí ẹni tó ń béèrè yóò fi fi ẹ̀rí hàn lórí ìwé pé gbèsè náà wà, pé iye rẹ̀ tọ̀nà, àti pé òun ló ní ẹ̀tọ́ láti gbà á.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ẹ̀rí ni pé irú gbèsè yìí kò rí bíi gbèsè báǹkì. Ẹni tó yá owó ní báǹkì fọwọ́ sí ìwé tó sọ iye owó, èlé àti ọjọ́ tí yóò san án tán. Gbèsè agbanisíṣẹ́, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, akọ̀wé kan ní ẹ̀ka owó oṣù ló jókòó ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ ti lọ, láìsí òṣìṣẹ́ náà níbẹ̀ láti bi í ní ìbéèrè kan. Nígbà tí wọ́n bá gbé e fún agbowó-gbèsè, ohun tó máa ń dé ọwọ́ onítọ̀hún kò ju orúkọ yín, àdírẹ́sì yín, iye owó àti ọjọ́ lọ. Kò mọ bí wọ́n ṣe rí iye náà, kò sì fi dandan jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti mọ̀ ọ́n, nítorí pé ìdá kan nínú ohun tó bá gbà ni owó iṣẹ́ tirẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá béèrè ẹ̀rí, ẹ kò ṣe agídí, ẹ kò sì sá fún gbèsè. Ohun tí ẹ béèrè ni ohun tó yẹ kí wọ́n ti fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó pè yín ní onígbèsè.

Bí ó bá jẹ́ pé orí fóònù ni wọ́n ti kọ́kọ́ kàn sí yín, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ má sọ pé «mo mọ̀ nípa rẹ̀», ẹ má sọ pé «n ó san díẹ̀ ní ìparí oṣù», ẹ má sì fún wọn ní nọ́ńbà báǹkì yín kí wọ́n lè «fi yẹ̀ yín wò». Ẹ gba orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ àti nọ́ńbà ìwé náà lọ́dọ̀ wọn, ẹ sọ pé lórí ìwé nìkan ni ẹ fẹ́ máa bá wọn sọ̀rọ̀, kí ẹ sì dá fóònù dúró. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó pe ara rẹ̀ ní agbowó-gbèsè ni agbowó-gbèsè lóòótọ́. Ẹni tó bá ní ọlọ́pàá ń bọ̀ wá mú yín lónìí, tàbí tó ní kí ẹ ra káàdì ẹ̀bùn kí ẹ ka nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ sí òun létí, gbájú-ẹ̀ ni. Ẹ wá nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ yín àtijọ́ fúnra yín, kí ẹ má lo èyí tí ẹni tó pè kà fún yín, kí ẹ sì bi ẹ̀ka owó oṣù léèrè bóyá àwọn ló rán an.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ óò kọ lẹ́tà, kí ẹ sì yára kọ ọ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin Fair Debt Collection Practices Act ti ọdún 1977, pẹ̀lú ìlànà tí CFPB, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà lórí ọ̀rọ̀ owó, gbé jáde tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, sọ pé agbowó-gbèsè gbọ́dọ̀ fi ìwé àlàyé ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ 5 tó kọ́kọ́ kàn sí yín, bí kò bá ti sọ gbogbo rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ náà. Ìwé yẹn gbọ́dọ̀ fi iye gbèsè hàn ní ọjọ́ kan pàtó, kí ó sì ya èlé, owó àfikún àti owó tí wọ́n ti yọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọjọ́ 30 ni ẹ ní lẹ́yìn tí ẹ bá gbà á láti kọ̀wé pé ẹ kò gbà. Bí lẹ́tà yín bá wọlé láàárín ọjọ́ náà, wọ́n gbọ́dọ̀ dá gbígba owó dúró títí wọn yóò fi fi ẹ̀rí ránṣẹ́. Bí ọjọ́ 30 bá kọjá, gbèsè náà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di òótọ́, ṣùgbọ́n ààbò tó lágbára jù lọ ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Àwọn agbẹjọ́rò agbowó-gbèsè kan máa ń jiyàn pé owó oṣù tí a san lé kì í ṣe irú gbèsè tí òfin yìí ń sọ, nítorí pé kò ti inú ọjà tàbí iṣẹ́ tí ẹ rà fún ara yín tàbí ìdílé yín wá. Ẹ má jẹ́ kí àríyànjiyàn yẹn dá yín dúró. Ẹ kọ lẹ́tà náà síbẹ̀, nítorí ohun yòówù tí adájọ́ bá sọ lẹ́yìn, ẹni tó ti kọ̀wé pé òun kò gbà láti ọjọ́ kìíní sàn ju ẹni tó dákẹ́ lọ.

Lẹ́tà náà kò ní láti gùn. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí, ní èdè tí wọ́n fi kọ̀wé sí yín:

«Mo gba ìwé yín tí ẹ kọ ní ọjọ́ báyìí, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ báyìí. N kò gbà pé mo jẹ gbèsè tí ẹ kọ sínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi nǹkan wọ̀nyí ránṣẹ́ sí mi: orúkọ ẹni tó ni gbèsè náà lónìí àti ìwé tó fún yín ní àṣẹ láti gbà á, ìwé àdéhùn tí mo fọwọ́ sí, èyí tí ẹ̀ ń tọ́ka sí, ìṣirò tó fi hàn bí ẹ ṣe dé iye yìí, ọjọ́ dé ọjọ́, àti ẹ̀dà ìwé owó oṣù tí ọ̀rọ̀ kàn. Títí ìwọ̀nyí yóò fi dé, ẹ má pè mí lórí fóònù, ẹ má sì pe ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Lẹ́tà yìí kì í ṣe ìjẹ́wọ́ gbèsè.»

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì, ìdí rẹ̀ yóò sì hàn níwájú. Ẹ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ lọ́nà tí ẹ óò fi ní rísíìtì pé ó dé ọwọ́ wọn, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan.

Ní ọjọ́ kan náà, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ yín àtijọ́ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo èyí, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ wọn gan-an ni àṣìṣe sábà máa ń wà, ọ̀dọ̀ wọn náà sì ni wọ́n ti lè fagi lé e. Ẹ béèrè gbogbo àkọsílẹ̀ owó oṣù yín fún oṣù mẹ́fà tó gbẹ̀yìn, ìwé ìsinmi yín, ìwé tí wọ́n fi gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí ẹ kúrò, àti ìmeèlì èyíkéyìí tí wọ́n fi sọ fún yín nípa gbèsè náà kí wọ́n tó gbé e fún ẹlòmíràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ààbò àkọsílẹ̀ ara ẹni fún yín ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun gbogbo tí wọ́n kọ nípa yín lọ́fẹ̀ẹ́, oṣù kan ni wọ́n sì ní láti dáhùn, àfi bí ọ̀rọ̀ bá díjú tí wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ẹ wo ohun tí àwọn náà jẹ yín pẹ̀lú: owó ìsinmi tí ẹ kò lò, owó ọkọ̀ tí ẹ ná láti àpò ara yín, ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn tí wọn kò san. Mo ti rí i tí ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ fi hàn pé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ló yẹ kí owó lọ.

Nígbà tí ìṣirò bá dé, ẹ jókòó tì í dáadáa. Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù lọ ni owó oṣù tí wọ́n san lé, nítorí pé iye tí wọ́n kọ sínú ìwé wọn àti iye tó wọ báǹkì yín kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ kan san owó oṣù kan lé fún òṣìṣẹ́ tó ti lọ, dọ́là 4,000. Wọ́n yọ dọ́là 248 fún Social Security (ètò owó ìfẹ̀yìntì ìjọba), èyí tó jẹ́ 6.2 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n yọ 58 fún Medicare (ètò ìlera àwọn àgbà), èyí tó jẹ́ 1.45 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì yọ 594 fún owó orí ìjọba àpapọ̀. Dọ́là 3,100 ló wọ báǹkì. Bí wọ́n bá rí àṣìṣe náà tí òṣìṣẹ́ sì dá owó padà kí ọdún tó parí, 3,100 ló yẹ kí ó dá padà, nítorí pé ilé-iṣẹ́ lè tún ìwé owó orí rẹ̀ ṣe kí ó sì rí ìyókù gbà. Bí ọdún bá ti yí, owó orí 594 yẹn ti wọ orúkọ òṣìṣẹ́ lọ́dọ̀ IRS (àjọ agbowó-orí Amẹ́ríkà), ilé-iṣẹ́ kò lè gbà á padà mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè rí 306 ti Social Security àti Medicare gbà bí òṣìṣẹ́ bá fọwọ́ sí i. Iye tó yẹ kí wọ́n béèrè nígbà náà ni 3,694. Bí agbowó-gbèsè bá wá ń béèrè 4,000 gbáko, ẹ ti rí 306 tí ẹ lè jiyàn lé lórí. Ẹni tó bá san an ní ọdún tó tẹ̀ lé e lè béèrè ìdẹ̀kùn lọ́dọ̀ IRS nígbà tó bá ń kọ ìwé owó orí ọdún tó san án, nítorí pé owó tó dá padà ju dọ́là 3,000 lọ. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá ju 3,000 lọ kò ní àǹfààní yẹn, èyí tó jẹ́ ìdí kan tó lágbára láti bẹ ilé-iṣẹ́ pé kí ó gba iye tó wọ báǹkì nìkan.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà lórí owó tí a san lé. Bí ẹ kò bá mọ̀ pé ó lé, tí ẹ béèrè tí wọ́n sì dá yín lóhùn pé ó tọ̀nà, tí ẹ ti wá ná an sórí ohun tí ẹ kì bá tí ná an lé, ilé-ẹjọ́ lè dá yín láre. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1983, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Avon pe olùkọ́ kan tó farapa lẹ́jọ́ kí ó dá owó oṣù tí wọ́n san lé nígbà tó ń gba ìtọ́jú padà. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé ìgbìmọ̀ náà kò lè gba owó náà, nítorí pé àwọn ló jẹ́ kí olùkọ́ gbà pé tirẹ̀ ni, tó sì ti ná nínú rẹ̀ ní àìmọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ló ń rí báyìí, ẹni tó sì rí owó oṣù méjì nínú oṣù kan tí kò wí nǹkan kan kò lè fi í gbèjà ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìmeèlì bá wà tí ẹ fi béèrè, tí ìdáhùn wọn sì wà níbẹ̀, ẹ̀rí ńlá ni.

Owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni ó ń bí mi nínú jù nínú gbogbo wọn. Ìwé àdéhùn kan máa ń sọ pé bí òṣìṣẹ́ bá kúrò kí ọdún méjì tó pé, yóò san gbogbo owó tí wọ́n fi kọ́ ọ níṣẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì, awakọ̀ ọkọ̀ ńlá àti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wà lára àwọn tó máa ń bọ́ sínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àjọ CFPB kọ ìròyìn kan jáde lórí irú gbèsè yìí ní oṣù Keje ọdún 2023, wọ́n sì tọ́ka sí i pé ó lè so òṣìṣẹ́ mọ́ ibi tí ì bá ti kúrò. Kí ẹ tó gbà pé ẹ jẹ ẹ́, ẹ bi ara yín léèrè bóyá ẹ̀kọ́ gidi tí ẹ gba ìwé ẹ̀rí lé lórí ni, àbí ìtọ́sọ́nà ọjọ́ mélòó kan tí ilé-iṣẹ́ ń fún gbogbo ẹni tuntun. Ẹ wò ó bóyá iye tí wọ́n kọ jẹ́ iye tí wọ́n ná lóòótọ́, àbí iye tí wọ́n kàn fi dẹ́rù bani. Ẹ wò ó bóyá àdéhùn náà ń dín iye kù bí ẹ ṣe ń pẹ́ sí i, nítorí ẹni tó sìn fún oṣù 22 nínú 24 kò yẹ kó san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó sìn fún oṣù kan. Ẹ wò ó bóyá ilé-iṣẹ́ ló lé yín, nítorí ọ̀pọ̀ àdéhùn ló jẹ́ pé ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nìkan ni ó mú.

Ní ti irinṣẹ́ tí a kò dá padà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀: ẹ dá a padà bí ó bá wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ gba rísíìtì, kí ẹ sì ranti pé iye tí kọ̀ǹpútà ọlọ́dún mẹ́rin tó lónìí ni ó yẹ kí wọ́n béèrè, kì í ṣe iye tí wọ́n fi rà á ní tuntun.

Ọjọ́ orí gbèsè náà ṣe pàtàkì bí iye rẹ̀. Òfin fún ẹni tó ni gbèsè ní gbèdéke láti lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní England àti Wales, ọdún 6 ni fún gbèsè tó ti inú àdéhùn wá, gẹ́gẹ́ bí òfin Limitation Act ti ọdún 1980 ṣe wí. Ní Scotland, ọdún 5 ni, lẹ́yìn rẹ̀ gbèsè náà ti kú. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà láàárín ọdún 3 sí 6. Ohun tí agbowó-gbèsè kì í sọ fún yín ni pé, ní England àti ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tó bá san díẹ̀ nínú gbèsè náà, tàbí tó kọ̀wé jẹ́wọ́ rẹ̀ kí gbèdéke tó pé, ti mú kí kíkà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà kan, owó tí ẹ san lẹ́yìn tí gbèdéke ti kọjá pàápàá lè jí i dìde. Èyí ni ìdí tí wọ́n fi máa ń fi ohùn tútù bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ «kàn fi ogún dọ́là sílẹ̀ láti fi inú rere hàn». Ẹ má san kọ́bọ̀ kan kí ẹ tó mọ ọjọ́ tí gbèsè náà bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà CFPB ka á léèwọ̀ fún agbowó-gbèsè tí òfin náà mú láti pe ẹjọ́ tàbí kí ó halẹ̀ ẹjọ́ lórí gbèsè tí gbèdéke rẹ̀ ti kọjá.

Ẹ máa kọ gbogbo ìpè sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, aago àti ohun tí wọ́n sọ. Níbi tí òfin Amẹ́ríkà yẹn bá ti ṣiṣẹ́, wọn kò gbọdọ̀ pè kí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ tó lù tàbí lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́, wọ́n kò gbọdọ̀ pè ju ìgbà 7 lọ láàárín ọjọ́ 7 lórí gbèsè kan, wọn kò sì gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ gbèsè yín fún ọ̀gá yín tuntun, aládùúgbò tàbí ẹbí. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ lè pè wọ́n lẹ́jọ́ láàárín ọdún kan, ilé-ẹjọ́ sì lè fún un ní owó tó tó dọ́là 1,000 yàtọ̀ sí ohun tó pàdánù. Òfin yìí kò mú agbanisíṣẹ́ tó bá ń béèrè owó rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn ni ẹ fi gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń pè gan-an. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, agbowó-gbèsè kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́, kò ní àṣẹ láti wọlé yín tàbí láti kó ẹrù yín, ẹ sì lè ní kí ó máa lọ. Ẹ wo àkọsílẹ̀ gbèsè yín lọ́dọ̀ Experian, Equifax àti TransUnion pẹ̀lú, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ bí èèyàn ṣe ń yá owó tó sì ń san án. Bí wọ́n bá ti kọ gbèsè tí ẹ kò gbà síbẹ̀, ẹ kọ̀wé takò ó. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 30 ni wọ́n sábà ní láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rí dé kí ó sì tọ̀nà. Bí ẹ bá jẹ owó náà lóòótọ́, ẹ bá wọn dúnàádúrà, nítorí pé agbowó-gbèsè sábà máa ń gba ohun tó dín sí iye tó kọ́kọ́ béèrè bí ẹ bá lè san án lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má fi ohun tí ẹ kò lè san ṣe àdéhùn nítorí ìtìjú. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ gba ìwé tó sọ pé iye tí ẹ fẹ́ san yìí ló parí ọ̀rọ̀ náà, pé ilé-iṣẹ́ yín àtijọ́ gbà bẹ́ẹ̀, àti pé wọn kò ní ta ìyókù fún agbowó-gbèsè mìíràn. Ìlérí orí fóònù kò tó. Ẹ tọ́jú ìwé yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí gbèsè tí a ti san máa ń padà wá lábẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn.

Bí ìwé ilé-ẹjọ́ bá dé, gbogbo lẹ́tà tí ẹ ti kọ kò rọ́pò ìdáhùn sí i. Ní England àti Wales, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi lẹ́tà ẹ̀sùn ránṣẹ́ kí ẹ sì ní ọjọ́ 30 láti dáhùn. Bí ẹjọ́ bá wá bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 14 péré ni ẹ ní lẹ́yìn tí ìwé ẹ̀sùn bá dé ọwọ́ yín, yóò sì di 28 bí ẹ bá kọ̀wé sí ilé-ẹjọ́ pé ìwé ẹ̀sùn náà ti dé ọwọ́ yín, pé ẹ ó sì jà. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ tí ẹ ní yóò wà lórí ìwé ìpè fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá dáhùn yóò pàdánù ẹjọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wo ẹ̀rí, nígbà náà ni gbèsè tí kò ní ìpìlẹ̀ yóò di ìdájọ́ tí wọ́n lè fi yọ owó nínú owó oṣù yín tuntun. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí ohun tí wọ́n ń yọ lórí irú gbèsè yìí ju ìdá mẹ́rin kan owó tó kù lẹ́yìn owó orí lọ, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́rin owó oṣù kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tó ní ilé láti bọ́. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí ìwé náà bá dé, ẹ wá agbẹjọ́rò tàbí ilé-iṣẹ́ tó ń ran aláìní lọ́wọ́ lórí ọ̀ràn òfin, kí ẹ kó gbogbo ìwé yín dání, láti orí lẹ́tà kìíní títí dé orí rísíìtì tó gbẹ̀yìn, kí ẹ sì fi èsì yín sí ọwọ́ ilé-ẹjọ́ kí ọjọ́ tó pé.